Gírámà àti kíkọ: báwo lẹ ṣe ń pín in fún ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé?

Ìyá_Ọlọ́mọméjì kọ pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ nílé ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀kọ́ Yorùbá fún ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 8 ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀. Ìwé gírámà tó wà lọ́wọ́ kún fún “fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo yìí” àti “fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ”. Àwọn ọmọ ń gbà á dáadáa. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí wọ́n rí lọ́jà Lafẹ́nwá, gbogbo rẹ̀ á dàrú: kò sí lẹ́tà ńlá, kò sí àmì ìdánudúró, gbólóhùn kan á gùn títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Tí a bá sì ní kí wọ́n máa kọ ṣáá láìsí gírámà, wọn ò ní mọ òfin èdè. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà? Èwo ló yẹ kó ṣíwájú?

Olùkọ́_Kútọ̀ kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé alálàfo yẹn ti bá ọmọ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ti bá a kọ gbólóhùn, ó ti fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti fi àmì parí rẹ̀; ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù. Ọmọ tó ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí ẹlòmíì kọ ló ń dá mọ̀. Kò tíì lò ó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbà á nínú ìwé tí kò sì hàn nínú àròkọ.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ohun tá à ń pè ní kíkọ: ọwọ́ (bí a ṣe ń ya lẹ́tà), àkọtọ́ (lẹ́tà wo, àmì wo), àti èrò (kí ni mo fẹ́ sọ, kí ló tẹ̀ lé e). Ọmọ ọdún 6 ò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àdàkọ wà fún ọwọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti wà níwájú ọmọ. Àpèkọ wà fún àkọtọ́. Ti èrò, kí ọmọ fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kà á sí i létí.

Fún ọmọ ọdún 6, ìṣẹ́jú 10 fún àdàkọ gbólóhùn kan tàbí méjì, ìṣẹ́jú 5 fún gírámà, ìṣẹ́jú 5 sí 10 fún kí ó sọ kí ẹ kọ. Ó tó. Gírámà ìṣẹ́jú 5 yẹn kò nílò ìwé ọ̀tọ̀. Inú gbólóhùn àdàkọ ọjọ́ náà ni kó ti jáde. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó dà kọ ni: *Àdùkẹ́ ra ẹja lọ́jà Lafẹ́nwá.* Ẹ bi í: ta ló ra ẹja? Kí ló rà? Níbo? Ẹ ní kó yọ Àdùkẹ́ kúrò kó fi *Ó* sí i. Ẹ ní kó yọ *ra* kúrò kó fi ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀: ta ẹja, se ẹja, jẹ ẹja, dín ẹja. Ọmọ tó bá ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin báyìí ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe, orúkọ rẹ̀ tó máa kọ́ lẹ́yìn náà kò ní wúwo. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú *lọ́jà* palẹ̀ fún un: ní ọjà. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá: kí ló dé tí A Àdùkẹ́ àti L Lafẹ́nwá fi tóbi, tí ọ inú ọjà ò tóbi?

Ti ọmọ ọdún 8 yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 25 sí 30 lójúmọ́, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ ọjọ́ kan má jọ ti èkejì. Ọjọ́ Ajé: kíkà àti àdàkọ gbólóhùn mẹ́ta, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 gírámà látinú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: gírámà kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò ṣẹ̀dá gbólóhùn tirẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́rú: àròkọ, ìṣẹ́jú 20, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ gírámà kankan. Ọjọ́bọ̀: àpèkọ. Ọjọ́ Ẹtì: kó tún ti Ọjọ́rú ṣe. Àṣìṣe tó bá pọ̀ jù nínú àròkọ Ọjọ́rú ni yóò di gírámà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ṣe é báyìí, ìbéèrè èwo ló ṣíwájú kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.

Ọmọ_Lísàbí kọ pé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, àmọ́ mo ní àtakò kan. Ẹ ní gírámà kó máa jáde látinú gbólóhùn àdàkọ àti àṣìṣe ọmọ. Ó dáa fún ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Fún ìró èdè, kò dáa rárá. Sílébù, ohùn àti àkọtọ́ ní ètò tí ọ̀kan fi ń tẹ̀ lé èkejì, bí ẹ bá sì ń dúró dìgbà tí ọmọ bá ṣì í kọ, ẹ ó fi ihò sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan láìṣìnà. Lẹ́tà 25. *Gb* jẹ́ lẹ́tà kan. Ọmọ tí kò mọ̀ á pín in sí méjì nígbà tí ìlà bá tán, á fi g sílẹ̀ lókè á gbé ba sísàlẹ̀. Fáwẹ̀lì àránmúpè: ìró kan náà ni à ń kọ ní *ọn* lẹ́yìn b, f, gb, p, w (ìbọn, fọn, gbọ́n, pọ́n, wọ́n), tí à ń kọ ní *an* lẹ́yìn ìyókù (tán, dán, ràn, ọ̀kan). Lẹ́yìn m àti n, a kì í fi n mìíràn kún un rárá: ọmọ, omi, inú, ẹnu. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún á máa kọ “ọmọn” àti “omin”, etí rẹ̀ kò sì purọ́ fún un, torí pé imú ni ìró náà ń gbà jáde lóòótọ́. N tó dá dúró bíi sílébù náà wà ńbẹ̀: ńlá jẹ́ sílébù méjì, gbangba jẹ́ mẹ́ta. Àdàkọ ò lè kọ́ ọ ní gbogbo èyí láàárín ọdún kan àyàfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fi síléètì tàbí pátákó ṣe é: àtẹ́wọ́ fún sílébù, ohùn, lẹ́yìn náà lẹ́tà. Ohùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀.

Olùkọ́_Kútọ̀ kọ pé:

Ọmọ Lísàbí, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìró. Ó yẹ kó ní ètò tirẹ̀, kó sì ṣíwájú. Mo kàn ń sọ pé orúkọ ọ̀rọ̀ (ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn) kò nílò ètò bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 8.

Lórí àmì ohùn, ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé òbí á jẹ́ kí ọmọ kọ odindi ojú ìwé tán, á wá ní “ó yá, fi àmì sí i”. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lábàá. Àmì gbọ́dọ̀ wọlé bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ tó kúrò lórí rẹ̀. Kí èyí tó ṣeé ṣe, etí ní láti ṣíwájú ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn ará ilé. Ẹ fi imú kọ ọ́ lórin, láìsí ọ̀rọ̀, dò re mí. Kí ọmọ fọwọ́ kan orúnkún fún dò, àyà fún re, orí fún mí. Lẹ́yìn náà orúkọ àdúgbò. Olúmọ: re mí re. Abẹ́òkúta: re mí dò mí re. Tí èyí bá ti rọrùn, ẹ wá gbé ogun, ogún, Ògún àti Ògùn fún un, kó sọ èyí tó jẹ́ odò tó la ìlú kọjá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, kí ọmọ fi tirẹ̀ sí i. Ohùn àárín kì í gba àmì. Ẹ sọ fún un tààrà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa wá ohun tó máa fi síbẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà ńbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà náà ń já sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa bọ́ sí àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: rà, ṣùgbọ́n *ra ẹja*, tà, ṣùgbọ́n *ta aṣọ*. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró: *rà á, tà á*. Ọmọ tó bá fi etí gbọ́ ọ kì í ṣì í. Ọmọ tí ẹ fi àkójọ ọ̀rọ̀ kọ́ á kọ “rà ẹja”, á sì sọ fún yín pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kékeré kan lórí ìwé: nínú ìwé onílà méjì, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ máa ń bọ́ sórí ìlà, kò ní hàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fa ìlà kúkúrú sábẹ́ lẹ́tà dípò tó-tó, kí ó sì máa fo ìlà kan kí àmì orí má baà wọ inú ti òkè.

Bàbá_Adátán kọ pé:

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ tuntun kan náà kọ́ wọn ní èdè méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì wà lórí nǹkan mìíràn. *Ó* kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ohun aláìlẹ́mìí. Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́ta. Ọmọ tí ẹ kọ́ méjèèjì pọ̀ lọ́sẹ̀ kan á máa pe ìyá rẹ̀ ní ọkùnrin nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. *Wọ́n* tá a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà náà ń kó bá wọn: ìyá àgbà ọ̀kan ṣoṣo á di èrò rẹpẹtẹ nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ìwé méjì lédè wa kò yí ìwé padà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbàgbé s ìparí tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.

Ohun tí èdè méjèèjì jọ ní, ẹ fi Yorùbá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré: lẹ́tà ńlá, àmì ìdánudúró, àmì ìbéèrè, ìpínrọ̀. Ẹ má tún un kọ́. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà Gẹ̀ẹ́sì, “Báwo la ṣe parí gbólóhùn?” Ìṣẹ́jú tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ fi kún àkókò kíkọ.

Ẹ kíyè sí p pẹ̀lú. P tiwa kì í ṣe p Gẹ̀ẹ́sì. Tí ọmọ bá ti ń kọ́ ìró lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lo káàdì aláwọ̀ méjì, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan.

Aláró_Ìtòkú kọ pé:

Mo ń ka ohun tẹ́ ẹ ń sọ bọ̀ látòkè, gbogbo rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀. Ìyá ọlọ́mọ ní gbólóhùn kan ń gùn dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ọ̀rọ̀ síso gbólóhùn pọ̀ nìyẹn, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni gírámà àti kíkọ ti ń di ohun kan náà fún ọmọ ọdún 7 sí 9.

Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́ tó ní ìgbésẹ̀, kì í ṣe “kọ nípa ọjà”. Ọjà tóbi jù fún un. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà yóò fi *àti* so gbogbo ohun tó bá rántí pọ̀. Ní Abẹ́òkúta, àdìrẹ oníko dára púpọ̀ fún èyí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ọmọ sì lè fojú rí i. Ẹ gé bébà sí ọ̀já mẹ́fà, gbólóhùn kúkúrú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Wọ́n ká aṣọ funfun.
Wọ́n fi ìko dì í.
Wọ́n rì í sínú aró.
Wọ́n yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.
Wọ́n tún un rì.
Wọ́n tú ìko, wọ́n sá aṣọ.

Lọ́jọ́ kìíní, kí ọmọ to ọ̀já náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ má tò ó fún un. Tó bá fi títú ìko ṣáájú rírì, ẹ bi í kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọnà ara aṣọ. (Ibi tí ìko bá fún pinpin ni aró ò dé, ibẹ̀ ló ń di ọnà.) Lọ́jọ́ kejì, kó so ọ̀já méjì-méjì pọ̀. Ibí yìí lẹ ti máa rí àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù: “Wọ́n fi ìko dì í àti wọ́n rì í sínú aró.” *Àti* kì í so ìṣe mọ́ ìṣe, orúkọ ló ń so mọ́ orúkọ: ìko àti aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ìyẹn wọ ẹnu wọn. Ẹ fún ọmọ ní ohun mẹ́ta tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Àkọ́kọ́, àmì ìdánudúró díẹ̀ nìkan: *Wọ́n dì í, wọ́n rì í.* Èkejì, *sì*: *Wọ́n dì í, wọ́n sì rì í.* Ẹ ṣọ́ ibi tó máa fi í sí. Ẹ̀yìn *wọ́n* ni, ọ̀pọ̀ á kọ “sì wọ́n rì í” nítorí pé iwájú gbólóhùn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi tirẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta, *kí … tó* àti *lẹ́yìn tí*: *Wọ́n dì í kí wọ́n tó rì í. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún un rì.*

Mẹ́ta ọ̀hún tó fún oṣù kan. Ẹ má fi *nítorí náà*, *bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé* àti ìyókù kún un. Wọ́n ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kó ọ̀já kúrò nílẹ̀, kó kọ ọ́ látorí. Gbólóhùn mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ ó rí i pé àmì ìdánudúró ti wà níbẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀já kan ti tán. Lẹ́yìn àdìrẹ, ẹ lè lo bí a ṣe ń ro àmàlà láfún, bí a ṣe ń fọ ìrẹsì ọ̀fadà kí a tó sè é, bí a ṣe ń gun Olúmọ. Gbogbo iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ò ju méje lọ ló wúlò.

Ìyá_Ọlọ́mọméjì kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ *àti* yẹn, ó kún inú ìwé àwọn méjèèjì. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, báwo la ṣe ń ṣàtúnṣe láìjẹ́ pé ọmọ á kórìíra kíkọ? Èkejì, àpèkọ. Tí a bá pè é díẹ̀díẹ̀ fún wọn, wọ́n ṣì ń ṣì í.

Olùkọ́_Kútọ̀ kọ pé:

Pípè é díẹ̀díẹ̀ gan-an ló ń fà á, mà. Tí ẹ bá pe “ní… ọjà” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ á kọ ní ọjà, ìwé á ní lọ́jà, ẹ ó sì fi àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀ kà á. Ohùn náà á yí padà. Àpólà ni kí ẹ máa pè. Ẹ ka odindi gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan kó gbọ́ ọ, kó má kọ nǹkan kan. Ẹ wá pe àpólà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Kí òun náà tún un sọ kó tó kọ. Lópin, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbólóhùn méjì tó fún ọmọ ọdún 8, ohun tó ti dà kọ lọ́jọ́ Ajé sì ni kó jẹ́. Àpèkọ ohun tí kò rí rí, ìdánwò ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ìsúnkì náà ní òfin tó rọrùn: *ní* níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i á di l (lọ́jà, lálẹ́), níwájú i á dúró ní n (nílé, níṣu). Fún láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ *ní àárọ̀* ná, kó ka fáwẹ̀lì, kó tó sún un kì. Mẹ́rin ló yẹ kó rí.

Ní ti àtúnṣe: oríṣi àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ *àti* lẹ̀ ń kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, *àti* nìkan ni kí ẹ rí, kódà bí àmì ohùn mẹ́wàá bá ṣìnà. Ẹ má fi báírò pupa fa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ tó-tó kan sí etí ìlà tí àṣìṣe wà, kó wá a fúnra rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù kó tó rí i, ẹ ka ìlà náà sókè fún un, etí á mú un. Ìyókù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tiyín, pẹ̀lú ọjọ́. Tí ẹ bá rí àṣìṣe kan náà nínú àròkọ mẹ́ta, ó ti di ẹ̀kọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló yọjú, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Àròkọ Ọjọ́rú kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ó ní kó tún kọ látòkè délẹ̀. Kó tún gbólóhùn méjì tó ní àṣìṣe yẹn kọ sísàlẹ̀. Ẹ má fún un ní kílínà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Kó fa ìlà kan la ọ̀rọ̀ tó bá ṣì kọ, kó máa lọ. Ọmọ tó bá ní kílínà lọ́wọ́ lè fi ìdajì àkókò pa ìwé rẹ́.

Ìyá_Àgbà_Ìbarà kọ pé:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí ẹ ń mú àdàkọ jáde látinú rẹ̀. Bíbélì àtijọ́ àti ìwé orin tó wà nílé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń kọ aiye, enia, ẹiyẹ, nwọn, nyin, láìsí àmì ohùn lórí èyí tó pọ̀ jù. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ ọ́ di ayé, ènìyàn, ẹyẹ, wọ́n, yín. Ọmọ ọdún 6 tó bá ń rí méjèèjì lójúmọ́ á máa kọ èyí tó bá wá sí i lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kó máa fi etí gbọ́ ẹsẹ Bíbélì náà, kó há a sórí, ṣùgbọ́n kó má dà á kọ. Tó bá pé ọdún 9, ẹ lè sọ ọ́ di eré: ọ̀rọ̀ àtijọ́ márùn-ún, kó kọ wọ́n lọ́nà òde-òní.

Ìmọ̀ràn kan tún nìyí fún àgbà nínú àwọn ọmọ náà. Abẹ́òkúta níbí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti gbé ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìwé ìròyìn ti ilé yín ní ojú ewé kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: ta ni, kí ló ṣe, níbo, nígbà wo. Kíkọ ni, gírámà ni, ẹ sì lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan lókè òkun, wọ́n á fèsì.

Ọmọ_Lísàbí kọ pé:

Ẹ ṣé, mà. Ti ìwé ìròyìn yẹn wọ̀ mí lára. Ìyá ọlọ́mọ, tí àbúrò bá fẹ́ kópa, kó sọ ìròyìn tirẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ́. Àpèkọ nìyẹn fún ẹ̀gbọ́n.

Ìyá_Ọlọ́mọméjì kọ pé:

Ó ti yé mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn ìwé alálàfo tó kù ńkọ́? Wọ́n ti lé ní mẹ́rin.

Olùkọ́_Kútọ̀ kọ pé:

Ẹ má jù wọ́n nù, mà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka iṣẹ́ àlàfo kan tó ti ṣe, kó pa ìwé náà dé, kó kọ gbólóhùn mẹ́ta nínú rẹ̀ látorí, odindi, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti àmì. Lẹ́yìn náà kó ṣí i, kó fi tirẹ̀ wé e, kó máàkì ara rẹ̀. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀ tó.